Àáró, Àjọ àti Ìtọ́jú Àgbà Nílé: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, mo sì gbà pé kò sí ẹni tí yóò jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ fún wa. Bí òkété bá bí ọmọ mẹ́rin, ọmú ta ni yóò mu ní ọjọ́ Ajé? Ọmú ta ni yóò mu ní ọjọ́ Àìkú? Ta ni yóò sì ra oúnjẹ fún ẹni tí ó ń fún un lọ́mú?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èrò mi ni pé kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ni ó sábà máa ń ba ìtọ́jú àgbà nílé jẹ́, bí kò ṣe àìní àkọsílẹ̀. Èrò mi kejì ni pé a kò ní láti lọ yá irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ti wà nínú àṣà wa kí á tó bí àwọn baba ńlá wa.

Ìlú mẹ́ta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mówè àti Ìbàfò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978. Ifọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni ó sì wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́lé sí ìlú wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Wọn a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a sì wọlé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ní agbo ilé àtijọ́, bí ìyàwó kan bá lọ sí ọjà, ìyàwó mìíràn wà nílé. Ní ilé oníyàrá mẹ́ta ti òde òní, bí gbogbo ènìyàn bá ti jáde, àgbàlagbà nìkan ni ó kù pẹ̀lú ògiri.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ìyá ìyá mi ń gbé ní Ìbàfò. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Ìyá mi ń gbé ní Mówè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Ifọ̀, àbúrò wọn obìnrin wà ní Èkó, àbíkẹ́yìn sì wà ní ìlú Òyìnbó. Nígbà tí ó di pé Màmá kò lè dá dìde lórí ibùsùn mọ́, wọ́n fi owó jọ, wọ́n sì gba olùtọ́jú kan tí yóò máa wá láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùtọ́jú náà dé ní aago méje, ó fún Màmá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì jáde lọ ra omi. Ìyá mi wọlé ní aago mẹ́jọ. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì bi í pé, ‘Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?’ Màmá dáhùn pé, ‘Rárá o, ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní nǹkan kan.’ Kì í ṣe irọ́ ni ó pa, ìgbàgbé ni. Ìyá mi tún fún un ní oògùn. Kí ó tó di ọ̀sán, òòyì ti gbé Màmá, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni dókítà bi wá: oògùn wo ni ó lò, ẹyọ mélòó, ní aago mélòó? Àwa márùn-ún ni a dúró níbẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olùtọ́jú mọ ìdajì, ìyá mi mọ ìdajì, àwa yòókù kò mọ nǹkan kan. A dúpẹ́ pé Màmá gbádùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ilé tí ó kún fún ìfẹ́ lè fi oògùn pa ènìyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ra ìwé àjákọ kan, ó so báírò mọ́ ọn lára, ó sì fi í kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

ÀÁRÓ, Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀJỌ

Kí á tó sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn baba wa ń ṣe. N. A. Fádípẹ̀ ṣe àlàyé àáró, ọ̀wẹ̀ àti èsúsú nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ènìyàn pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna láti wá bá òun ṣe iṣẹ́ ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu. Ẹnikẹ́ni kì í ka iye ọjọ́ tí ó lò. Àáró yàtọ̀. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, o jẹ mí ní ọjọ́ kan, iye ọjọ́ tí mo bá fún ọ gan-an ni o sì gbọ́dọ̀ dá padà. Kò sí àáró láìsí ìkà.

Ní tèmi o, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀wẹ̀ mú iṣẹ́ àáró. Bí Màmá bá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, gbogbo ẹbí yóò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà sílé, tí ó wá ku ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́rú, gbogbo wọn ti tú ká. Ìtọ́jú àgbà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àáró ni, àáró sì ń fẹ́ kí á mọ ẹni tí ó kàn.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn baba wa kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ka gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé a máa ń yin Alájọ Ṣómolú títí di òní nítorí pé orí rẹ̀ pé débi pé a ní ó ń gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: ìdí tí a fi ń yìn ín ni pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Alájọ yòókù ń lo káàdì. Káàdì náà ní orúkọ oníbàárà lókè, ó ní àpótí kéékèèké fún ọjọ́ inú oṣù, alájọ a sì máa fa ìlà sí àpótí tí a bá san owó rẹ̀. Ọ̀kan lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ìjà bá dé, káàdì ni ẹlẹ́rìí. Iya àgbà tí kò mọ̀wé kà mọ káàdì àjọ kà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìwé àkọsílẹ̀ jẹ́ àṣà Òyìnbó kò tíì bá alájọ rìn rí.

ÌWÉ MẸ́TA

Láti inú ohun tí ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kọ́ wa, mo rí i pé ìwé mẹ́ta ni ìtọ́jú ilé nílò, yálà ìdílé kan ni ó ń ṣe é tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ní olùtọ́jú ogún.

Èkíní ni ìwé òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí á kọ orúkọ olùtọ́jú, ibi tí ó ń gbé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, onídùúró rẹ̀, àti ọjọ́ tí ààyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí á kọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tí ó lè wẹ àgbàlagbà kò fi dandan mọ bí a ti ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ibi tí ó ń gbé ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó ń ti Mówè lọ sí Ìbàfò kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń ti Ifọ̀ bọ̀ a máa gba Sàngó wọ Èkó kí ó tó yọ sí Bẹ́gà, kí ó sì tún gun afárá gígùn. Bí a bá fi í sí aago méje òwúrọ̀, a ti pa irọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí Ìjọ Ìràpadà máa ń ṣe ìsìn òru ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ìtọ́jú ní agbègbè yìí tí kò sàmì sí ọjọ́ náà yóò rí i pé olùtọ́jú yóò wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nígbà tí ó yẹ kí ó máa fún Màmá lóúnjẹ alẹ́.

Èkejì ni ìwé ẹni tí a ń tọ́jú. Oògùn rẹ̀ ni yóò ṣáájú: orúkọ oògùn, iye ẹyọ, àkókò, àti ẹni tí ó fún un. Lẹ́yìn náà ni èèwọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, èèwọ̀, gbòòrò dáadáa fún iṣẹ́ náà, nítorí pé ó kó oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, oúnjẹ tí dókítà ní kí ó má jẹ, àti oúnjẹ tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ pọ̀ sójú kan. Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí ó ń jẹ́. Ẹ má fi èyí ṣeré. Bí ìgbàgbé bá mú Màmá gan-an, kì í dáhùn sí orúkọ tí ó wà nínú káàdì ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oríkì rẹ̀ pè é, ojú rẹ̀ a là, a sì la ẹnu gba ògì. Oríkì Màmá wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà báyìí, kí olùtọ́jú má baà fi tipátipá bọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ìwé owó. Níbí ni ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí a bá fi èyí ṣe owó oṣù olùtọ́jú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ogún ọjọ́, ₦3,500 ni ti ọjọ́ kan. Ká ní owó ọkọ̀ rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ ₦1,500, oúnjẹ rẹ̀ ₦1,000, kí ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti ìlédìí àgbà sì jẹ́ ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦7,000. Ẹ ó rí i pé ìdajì péré ni owó iṣẹ́. Ọmọ tí ó bá fi ₦3,500 ránṣẹ́ fún ọjọ́ kan, tí ó sì rò pé òun ti san án tán, ìdajì gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó wà nílé ni yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí.

PÍNPÍN ỌJỌ́

Mo ti sọ pé ọmọ mẹ́rin ni Màmá bí. Báwo ni a ó ṣe pín ọjọ́ méje fún ènìyàn mẹ́rin tí kò ní sí ìyànjẹ? Bí a bá ní kí olúkúlùkù máa mú ọjọ́ kan pàtó, ẹnìkan ni ọjọ́ Àìkú yóò máa bọ́ sí lọ́wọ́ títí láé, yóò sì máa sọ pé òun kò rí ilé Ọlọ́run lọ mọ́.

Ọgbọ́n wà nínú ọ̀sẹ̀ Yorùbá fún ìṣòro yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Bí a bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, tí a sì jẹ́ kí ó máa yí lọ lórí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ẹ fi ìka kà á: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yóò tún ṣe é ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, kí ó tó kan Ọjọ́bọ̀. Láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, olúkúlùkù yóò ti ṣe ọjọ́ méje, yóò sì ti ṣe ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí a yàn jẹ. Ọmọ tí ó wà ní ìlú Òyìnbó kò lè wá, ṣùgbọ́n ó jẹ ọjọ́ méje bíi ti àwọn yòókù. Kí ó san ₦7,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ₦49,000, kí olùtọ́jú sì dúró sí ipò rẹ̀. Àáró pé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra fún ohun kan o. Àwọn baba wa máa ń ka òní mọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń kà. Bí a bá ní ìjẹta, ẹ̀ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni ó ti kọjá. Olùtọ́jú tí a bá sọ fún pé kí ó padà wá ‘lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin’ lè dé ní ọjọ́ kẹta tàbí ní ọjọ́ kẹrin, kí olúkúlùkù sì máa sọ pé òun ni òun jàre. Nítorí náà, orúkọ ọjọ́ àti déètì ni kí á kọ, kì í ṣe iye ọjọ́.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ó WÀ NÍ Ẹ̀YÌN ILẸ̀KÙN

A ṣe àṣìṣe kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fi kọ́gbọ́n. Gbogbo nǹkan ni a kọ sínú ìwé kan náà, títí kan iye ìgbà tí Màmá tọ̀ sórí ibùsùn. Ní ọjọ́ kan, àlejò kan tí ó wá kí wa ṣí ìwé náà, ó sì kà á sókè. Màmá gbọ́. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó yí ojú sí ògiri, ó ní, ‘Ṣé ara mi ni ẹ gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yẹn?’ Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra.

Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ń fi ìtọ́jú ṣòwò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ní ti ìdílé, ìwà ọmọlúàbí ni òfin tiwa. Láti ìgbà náà, ìwé ọjọ́ nìkan ni ó wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìwé ara Màmá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí iṣẹ́ kàn nìkan ni ó sì ń ṣí i.

ÌWÒYE LÁTI ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2016 ní kí á máa fi ẹ̀rọ kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ nípa ìtọ́jú ilé tí ìjọba bá sanwó rẹ̀ lábẹ́ ètò Medicaid: irú iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tí a ṣe é fún, ọjọ́ tí a ṣe é, ibi tí a ti ṣe é, ẹni tí ó ṣe é, àti àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí. Ẹ wo mẹ́fà yìí dáadáa. Kò sí èyí tí káàdì àjọ àti báírò kò lè ṣe. Ẹ̀rọ dára, kọ̀ǹpútà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún àwọn olùtọ́jú ní oṣù Kejì ọdún 2022, ó sì ti í mọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà láti òkèèrè ní oṣù Keje ọdún 2025. Àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n rí iṣẹ́ náà. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọ àkókò tí ó wọlé, oúnjẹ tí ìyá olówó rẹ̀ jẹ àti oògùn tí ó lò. Nígbà tí mo bi í bóyá ó mọ oògùn ìyá tirẹ̀, ó dákẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí òun ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nígbà tí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ pé, ìyá mi mú ìwé náà sílẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. A jọ kà á. Òru mẹ́tàdínlógún ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó máa ń sọ pé òun ń wá ‘nígbà gbogbo’ ní mẹ́ta. Mo rò pé ìjà yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n baba náà fi ọwọ́ pa orí, ó ní, ‘Aláàánú ni ọ́, àbúrò mi. N kò mọ̀ pé ó tó báyìí.’ Ó mú báírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọjọ́ méje nínú oṣù tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni ó máa ń rù ú, obìnrin ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe pé àwọn yòókù burú. Wọn kò rí i ni.

Iṣẹ́ kan kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè ìperí Yorùbá ní ọdún 1984, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ẹ jẹ́ kí á mú iṣẹ́ náà dé yàrá aláìsàn. Mo dábàá ìwé òṣìṣẹ́, ìwé ara, ìwé owó àti ìwé àáró. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù wọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú un wá, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé rẹ̀ pé: ta ni ó kàn lálẹ́ òní?